Ìwé Alááwòrán Kì í Ṣe Ti Ọmọdé Nìkan

Bí ẹ bá bá àgbàlagbà kan nínú bọ́ọ̀sì, tí ó wọ kóòtù, tí ó so táì mọ́ ọrùn, tí ó wá ń ka ìwé tí àwòrán kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kí ni ẹ ó sọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ẹni tó jókòó tì í pé, "Ẹ wo bàbá yìí, ìwé ọmọ rẹ̀ ló jí kà." Èrò wa ni pé ìwé alááwòrán, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní kọ́míìkì, kò ju ìpápánu lọ, kí ọmọdé máa fi tan ara rẹ̀ kí àmàlà tó jinná. Ṣùgbọ́n àwa kan wà tí a máa ń yá ara wa ní ìwé, tí a sì máa ń jiyàn lé e lórí nígbà tí a bá kà á tán. Olùkọ́ wà nínú wa, aránṣọ wà, nọ́ọ̀sì wà, awakọ̀ náà wà. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé alááwòrán mẹ́ta ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì láàárín wa. Ohun tí a sọ nípa wọn ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé, pẹ̀lú ìdájọ́ tèmi.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àṣà Òyìnbó nìyí, ẹ jẹ́ ká rántí Atọ́ka. Ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ á rántí ìwé ìròyìn yẹn, tí àwọn òṣèré tíátà wa ń fi fọ́tò sọ ìtàn nínú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lára fọ́tò náà ní èdè Yorùbá. Àgbà ló ń rà á, àgbà ló ń kà á. Ọmọdé kàn ń yọjú láti ẹ̀yìn ni. Nítorí náà, kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n rí. A gbàgbé ni.

Ìwé kìíní ni Aya de Yopougon. Marguerite Abouet ló kọ ọ́, Clément Oubrerie ló ya àwòrán rẹ̀. Àbíjáǹ ni wọ́n bí Abouet sí ní 1971, ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Apá kìíní ìwé náà jáde ní 2005, nígbà tó sì di 2006, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ìwé àkọ́kọ́ níbi àjọ̀dún ìwé alááwòrán tí wọ́n ń ṣe ní Angoulême. Ọdún 1978 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ní Yopougon, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù ní Àbíjáǹ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Aya, ó fẹ́ di dókítà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Adjoua àti Bintou, ijó àti fàájì ni tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, inú ọjà tó ti tú ni àwọn olólùfẹ́ ti ń pàdé, lórí tábìlì àwọn ìyá ọlọ́jà. Òtẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́gbẹ̀rún ìràwọ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kò pẹ́, Adjoua lóyún. Ó ní Moussa, ọmọ olówó, ló ni oyún. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ dé, àṣé ẹlòmíràn ni ọmọ jọ!

Nọ́ọ̀sì wa kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní oyún ọmọge tí òun ti rí níbi iṣẹ́ òun ti pọ̀ jù, òun ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó ní ìwé náà ń fi ọ̀rọ̀ ẹkún dápàárá. Awakọ̀ wa, ọmọ Èjìgbò, tí òun náà ti gbé Àbíjáǹ rí bíi ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀, ló dá a lóhùn. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sunkún láti ojú ewé kìíní dé ìparí ni? Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn o. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, owó ọbẹ̀ ò sì sí nílé."

Èmi gbà pé awakọ̀ ló jàre, ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀. Ẹ wo ẹni tí ìwé náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Kì í ṣe Adjoua. Bàbá Aya ni, tó ń bá ilé-iṣẹ́ ọlọ́tí ṣiṣẹ́, tó sì gbà pé ọkọ olówó sàn fún ọmọbìnrin ju ìwé dókítà lọ. Bàbá Moussa ni, tó rò pé owó lè ra ohun gbogbo. Àwọn tó lágbára ni ẹ̀rín náà ń lé kiri, kì í ṣe ọmọ tó ṣubú. Ohun mìíràn tún wà. Kò sí ogun nínú ìwé yìí, kò sí ọmọ tí egungun ìhà rẹ̀ yọ síta. A ti ka ìwé ogun àti ìwé ebi nípa Áfíríkà títí ó ti sú wa. Ẹ wá wo ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà àti bí a ṣe ń ró aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Aránṣọ wa fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wo aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú àwòrán náà.

Àléébù kan ni mo rí. Aya fúnra rẹ̀ ti gbọ́n jù. Nínú apá kìíní yìí, gbogbo ènìyàn ló ń ṣìṣe àfi òun. Ó kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò wọ́n. Ẹni tí kò lè ṣubú, ọkàn kì í fò wá nítorí rẹ̀.

Ìwé kejì le. Maus ni, ti Art Spiegelman, ọmọ Júù tó ń gbé Amẹ́ríkà. Apá kìíní jáde bí ìwé ní 1986, apá kejì ní 1991. Ní 1992, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer, òun sì ni ìwé alááwòrán àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ìtàn bàbá rẹ̀, Vladek, ló ń sọ: bí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì ṣe ń dọdẹ àwọn Júù ní Pólándì bí ẹran ìgbẹ́, bí Vladek àti Anja ìyàwó rẹ̀ ṣe dé àgọ́ ikú Auschwitz, tí wọ́n sì yọ níbẹ̀ láàyè. Nínú àwòrán, eku ni àwọn Júù, ológbò ni àwọn ará Jámánì, ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ará Pólándì.

Olùkọ́ wa ní, "Àlọ́ lásán nìyí. Ṣebí àwa náà ní Ìjàpá." Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n èmi kò gbà á. Nínú àlọ́ wa, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá, inú ìwà Ìjàpá ló ti ń wá. Ọ̀kánjúwà ló fi fa wàhálà, ọgbọ́n àgbọ́njù ló sì fi ń kó sí i. Nínú Maus, kò sí ohun tí àwọn Júù ṣe tó sọ wọ́n di eku. Ẹni tó fẹ́ pa wọ́n ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí Vladek ti fẹ́ gba àárín ìlú kọjá kí wọ́n má dá a mọ̀: ìbòjú ẹlẹ́dẹ̀ ló dè mọ́ ojú, okùn rẹ̀ sì hàn kedere lẹ́yìn orí rẹ̀. Tèmi ni pé okùn kékeré yẹn ló gbé gbogbo ìwé náà ró. Ó ń sọ fún wa pé orúkọ tí a fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀, nǹkan tí a so mọ́ ojú ni, ènìyàn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Jámánì nìkan. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní Rwanda ní 1994, aáyán ni wọ́n ń pè wọ́n lórí rédíò. Ẹ̀yin náà ẹ ronú wò: ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹranko pe ẹ̀yà mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí, tí gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín?

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán Spiegelman ni pé kò sọ bàbá rẹ̀ di ẹni mímọ́. Ahun ni Vladek. Ó ń ṣa wáyà nílẹ̀ láàárín ìgboro. Ó ń kó oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dáná sun ìwé tí ìyàwó rẹ̀ kọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí obìnrin náà kú. Ọjọ́ kan, ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan lójú ọ̀nà. Vladek bínú gidigidi, ó ní olè ni irú wọn. Ibẹ̀ ni aránṣọ wa ti pa ìwé náà dé, ó ní, "Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà jẹ níyà tó báyìí, òun náà ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìyà kì í sọ ènìyàn di ẹni rere. Mélòó nínú àwọn tó ń kọ ìtàn bàbá wọn ló lè sọ irú òótọ́ yìí? Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí àwọn ọmọ ń kà, wọ́n ní èébú wà nínú rẹ̀, àwòrán ìhòòhò sì wà níbẹ̀. Kíá ni àwọn ènìyàn sáré lọ rà á.

Ìwé kẹta ló dá ìjà sílẹ̀, nítorí ọmọ tiwa ló kọ ọ́. Iyanu: Child of Wonder ni. Roye Okupe, ọmọ Èkó tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 2002, ló kọ ọ́. Godwin Akpan ló ya á. Ilé-iṣẹ́ Dark Horse gbé apá kìíní jáde ní 2021, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2025, ó ti di eré lórí tẹlifíṣàn Cartoon Network. Ọmọ òrukàn ni Iyanu. Ẹ̀yìn odi ìlú Elu ló ń gbé lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olori, tó ń kọ́ ọ ní ìmọ̀ àtijọ́. Ègún ti mú àwọn ẹranko igbó, wọ́n ń da àwọn ènìyàn láàmú. Lọ́jọ́ tí ewu dé bá ọmọ yìí, agbára tí kò mọ̀ pé òun ní ló jáde lára rẹ̀. Báyìí ni òun, Biyi àti Toye ṣe gbéra ìrìn àjò.

Àwòrán Akpan, kò sí ẹni tó lè bú u nínú wa. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ jọ aṣọ. Kì í ṣe ewé tí kọ́míìkì Òyìnbó àtijọ́ máa ń so mọ́ ìdí ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n inú bí olùkọ́. Ó ní, "Olori. Ṣé olórí ni, àbí olorì? Elu ńkọ́? Ṣé èlú tí a fi ń pa aró ni? Ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, ilẹ̀ ta ni?" Aránṣọ fèsì pé, "Ẹ̀yin olùkọ́, àmì ohùn yín ti lé àwọn ọmọ sá. Ọmọ mi ò fẹ́ fọwọ́ kan ìwé Yorùbá rí. Ìwé Géẹ̀sì yìí ló kà tán tó wá bi mí pé kí ni ìyanu. Èwo ló dáa níbẹ̀?"

Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jinlẹ̀ ju àmì ohùn lọ. Nígbà tí Iyanu bá ń bá Olori sọ̀rọ̀ ní Géẹ̀sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní Yorùbá, ọmọ á máa pe alágbàtọ́ rẹ̀ ní "ẹ̀yin." Ọjọ́ tí inú bá bí ọmọ náà tó fi la ẹnu pé "ìwọ" sí i, àrá ti sán nìyẹn, kò tíì sí idán kankan o! Ìbínú ọmọ, ìpayà àgbà, ìlẹ̀kùn tí wọ́n pa dé mọ́ra wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀. Èdè tí Okupe fi sọ ìtàn náà kò ní irú irinṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí ìlú náà fi jọ ilé wa lójú, ṣùgbọ́n tí etí kò fi gbọ́ ilé níbẹ̀. N kò dá Okupe lẹ́bi. Ibi tí òǹrajà wà ló gbé ọjà rẹ̀ lọ, ó sì ṣe é dáadáa. Àwa tí a jókòó sílé ni mo ń bá wí.

Àwọn òǹtẹ̀wé wa á sọ pé ìwé alááwòrán gbówó lórí, pé àwọ̀ wọ́n. Ẹ dákun, dúdú àti funfun ni Maus láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fọ́tò aláìláwọ̀ ni Atọ́ka fi bẹ̀rẹ̀, a sì ń jà du ú. Ohun tí a nílò kò ju ẹni tó mọ̀ ọ́n yà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, àti òǹtẹ̀wé kan tí kò ní máa rò pé àwòrán ń bu ọlá ìwé kù. Ìtàn kò wọ́n. Ìtàn Yopougon kò ju ti Mushin lọ, bàbá tó ń fi ọmọ du ọkọ olówó sì wà ní ojúlé kejì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, a ò tíì parí iyàn náà. Nọ́ọ̀sì ṣì ń bínú sí Aya, olùkọ́ sì ti fi biro sàmì ohùn sí gbogbo orúkọ inú Iyanu, bẹ́ẹ̀ ìwé aláwìn ni! Bí ẹ bá ti ka ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí ẹ mọ òmíràn tó yẹ ká kà, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹni tó bá sì ń ya àwòrán ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìwé iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, kó má jù ú nù.