Bàtá Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun Lórí WhatsApp

Ẹni tó wà ní Jámánì tó fẹ́ ra bàtá lọ́wọ́ àwọn ọmọ Àyàn, ìdílé onílù, ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lè gbọ́ ohùn ìlù náà lórí WhatsApp kó tó sanwó. Fídíò ìyáàlù, ìlù tó tóbi jù nínú ọ̀wọ́ bàtá, lè ràn án lọ́wọ́: a gbọ́ ṣáṣá, ojú rẹ̀ kékeré, a gbọ́ ojú òjò, ojú rẹ̀ ńlá, a sì mọ̀ bóyá ìda tí a lẹ̀ mọ́ ọn mú ohùn awọ wálẹ̀ tó. Agbẹ́gi, ẹni tó fi awọ bò ó àti ẹni tó máa lù ú lè jùmọ̀ dá sí i lórí WhatsApp. Ọgbọ́n ńlá ni, mo kan sáárá sí i!

Ìwé Debra Klein, Yorùbá Bàtá Goes Global (2007), jẹ́rìí pé àwọn onílù Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ti mọ òkèèrè tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú fídíò yẹn: fóònù kékeré kì í kúkú gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Kí oníbàárà ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gidi gba ohùn náà sílẹ̀.