Ojú Tó Mọ Yẹ́lò Katapílà

Ẹ ti rí katapílà àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kùn rí. Ó ń dán gbinrin, kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò jọ ojú rẹ̀. Yẹ́lò náà ti fẹ́ dọsàn. Ẹni tó kùn ún kì í ṣe ọ̀lẹ. Orúkọ "yẹ́lò Katapílà" tó rí lára agolo ọ̀dà ló gbà gbọ́.

Orúkọ yẹn kò tó. Nígbà tí wọ́n dá Caterpillar sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1925, àwọ̀ eérú ni wọ́n ń fi kun ẹ̀rọ wọn, wọ́n á wá fi pupa díẹ̀ ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Oṣù Kejìlá 1931 ni wọ́n bọ́ sórí Hi-Way Yellow, kí awakọ̀ lè tètè rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lójú títì. Ní 1979, wọ́n pa ìyẹn náà tì, Caterpillar Yellow dé. Ẹni tó bá fi yẹ́lò òde òní kun katapílà D7 ọdún 1955 ti gbé ẹ̀wù ọmọ wọ bàbá.

Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ ra ọ̀dà. Ara ẹ̀rọ ló ń lọ yẹ̀ wò. Yóò tú àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí, yóò wo abẹ́ àga awakọ̀ àti gbogbo kọ̀rọ̀ tí oòrùn kò dé, torí oòrùn a máa jẹ yẹ́lò. Níbi tó bá ti jẹ ẹ́, ẹ fọwọ́ kàn án, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ yín níka.

Lẹ́yìn náà ló ń mú sáńpépà. Yóò rẹ ẹ́ sómi, yóò fi máa ha ojú kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, títí irin yóò fi yọ láàrin. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Òrùka òrùka ni àwọ̀ ń jáde: irin láàrin, ọ̀dà ìpìlẹ̀ yí i ká, yẹ́lò àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, kó tó wá kan àwọn yẹ́lò tí oríṣiríṣi ọ̀gá ti fi bò ó. Èyí tó fara ti ìpìlẹ̀ ni pẹ́ńtà ń wá. Omi tó fi rẹ sáńpépà wúlò fún ẹ̀mí òun náà, torí òjé wà nínú ọ̀pọ̀ yẹ́lò àtijọ́, eruku rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń fà símú.

Ó wá ku pípò. Yẹ́lò tó bá ń ké jù, pupa bíńtín lè rọ̀ ọ́ lójú. Ẹni tó bá kán dúdú sí i láìwọ̀n, àwọ̀ ewé ló máa rí. Pẹ́ńtà kò sì ní fi ọ̀dà tútù díwọ̀n, torí tútù ọ̀tọ̀, gbígbẹ ọ̀tọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni yóò fín, tó bá gbẹ, á gbé e ti ojú tó ha lábẹ́ òrùlé, á tún gbé e jáde sóòrùn. Yẹ́lò méjì lè jọra lábẹ́ gílóòbù kí wọ́n sì já ara wọn nírọ́ níta. Ìpìlẹ̀ tó fẹ́ lò sára ẹ̀rọ gan-an ló ń kọ́kọ́ fín sí irin ìdánwò yìí, torí yẹ́lò kì í bo abẹ́ rẹ̀ dáadáa: lórí eérú, ó ń fà sí àwọ̀ ewé, lórí pupa, ó ń fà sí ọsàn.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá, ṣebí inú ẹrẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń lọ. Ẹni tó fẹ́ fi walẹ̀, kó fín ohun tó bá rí. Ẹni tó ní òun ń dá a padà sí bó ṣe jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mò ń bá wí.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún pẹ́ńtà, ẹ ra gbogbo ọ̀dà tí yóò tó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n da gálọ̀nù gbogbo pọ̀ kí fínfín tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ agolo tí wọ́n ń fìka tẹ̀ ni, ẹ wo ìdí wọn, kí nọ́ńbà ìpò wọn bára mu. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó gbé irin ìdánwò gbígbẹ náà ti ẹ̀rọ lójú oòrùn, kí ẹ fojú ara yín rí i.