Gírín Tíì àti Tíì Dúdú Nínú Àpò Kan

Ní Onígbòǹgbò níbí, ohunkóhun tó bá gbóná nínú ife, tíì la máa ń pè é. Bournvita, tíì ni. Milo, tíì ni. Kódà kòóko olóòórùn dídùn tó ń hù lẹ́yìnkùlé, ewé tíì lorúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò bá igi tíì tan rárá. Nítorí náà, nígbà tí páálí kan tẹ̀ wá lọ́wọ́, tí wọ́n kọ sí i lára pé àdàlù gírín tíì àti tíì dúdú ni, pẹ̀lú atalẹ̀, lẹ́mọ́ọ̀nù, òdòdó zobo àti ìlérí ìlera, a fẹ́ mọ̀ bóyá tíì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Òórùn rẹ̀ dára, ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn ná. Bí omi gbígbóná ṣe kan àpò náà báyìí, lẹ́mọ́ọ̀nù ti gba gbogbo yàrá. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi zobo tí wọ́n bu omi là. Àmọ́ lẹ́nu, lẹ́mọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ wọlé, atalẹ̀ tẹ̀lé e, ìkorò kan wá jókòó sórí ahọ́n, kò lọ mọ́. Tíì gan-an dà? A ò rí i.

Omi ló fà á. Igi kan náà, Camellia sinensis, ni gírín tíì àti tíì dúdú ti wá. Ẹ rò ó bí iṣu: òun ló ń di iyán, òun náà ló ń di àmàlà. Tí wọ́n bá tètè fi ooru kan ewé tíì, á ṣì máa rí bí ewé. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn kàn án dáadáa, á di dúdú. Tíì dúdú ń fẹ́ omi tó ń hó. Gírín tíì ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Omi tó gbóná tó ìwọ̀n 80 ní Celsius ti tó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á korò. Ẹ wá kó méjèèjì sínú àpò kan, omi wo lẹ fẹ́ lò? A lo omi tó ń hó bí páálí ṣe wí, ó korò. A jẹ́ kí omi ìkejì rọlẹ̀ díẹ̀, ìkorò lọ, àmọ́ tíì dúdú ò jí lójú oorun.

Adùn àfikún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òróró èèpo bergamot, ọsàn kan tí wọ́n ń gbìn ní Calabria ní Ítálì, ló wà nínú Earl Grey. Àwọn ará Ṣáínà a máa tẹ́ òdòdó jasmine sáàárín ewé tíì mọ́jú kí òórùn rẹ̀ lè wọ̀ ọ́. Níbẹ̀, òórùn ń gbé tíì ga ni. Nínú páálí yìí, aṣọ ìbora ni.

Àbí ẹ ò rí mallam onítíì létí títì? Òun náà ń po àdàlù: tíì, atalẹ̀, kànáfùrù, mílíìkì, ṣúgà. Ṣùgbọ́n tíì dúdú nìkan ló lò, èyí tí wọ́n lọ̀ wẹ́wẹ́ tó lè gba híhó. Ó ń dà á láti inú ife kan sí òmíràn títí á fi yọ fóòmù. Pẹ̀lú gbogbo mílíìkì yẹn, ẹ ṣì máa mọ̀ pé tíì lẹ mu. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù, a gbà.

Tíì wà ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Òun ló wù wá ká rí nínú irú páálí olówó ńlá báyìí, láìfi nǹkan kan bò ó.

Tí ẹ bá ti ra tiyín, ẹ fi omi tó ti rọlẹ̀ pò ó, ẹ yọ àpò rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì. Ní tútù, pẹ̀lú yìnyín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára.