Ewì Ọkọ, Kéèkì Ìyàwó: Ohun Tí A Rí Nínú Fíìmù Paterson

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí a ti wò, ìgbéyàwó kì í sinmi. Bí kì í bá ṣe orogún, á jẹ́ ìyá ọkọ. Bí kì í bá ṣe ìyá ọkọ, á jẹ́ mágùn, bí Túndé Kèlání ṣe fi hàn wá nínú Thunderbolt: Magun. A ò ní kò dáa o. Ṣùgbọ́n nínú Paterson tí Jim Jarmusch gbé jáde lọ́dún 2016, a rí tọkọtaya tí ẹnikẹ́ni ò dí lọ́wọ́. Wọ́n kàn ń gbé pọ̀ ni. Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù yìí máa ń pè é ní àwòrán àlàáfíà inú ilé. Àwa náà fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ àlàáfíà yẹn ní ojúsàájú nínú.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọkọ, Paterson lorúkọ ẹ̀, ìlú Paterson ní New Jersey ló sì ń gbé. Adam Driver ló ṣe é. Kó tó gbé bọ́ọ̀sì jáde láàárọ̀, á kọ ewì díẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Tó bá dalẹ́, á mú ajá rìn jáde, á mu ife bíà kan, á padà sílé. Laura ìyàwó ẹ̀, tí Golshifteh Farahani ṣe, wà nílé ní tiẹ̀: ó ń kun kọ́tìnì ní dúdú àti funfun, ó ń yan kéèkì, ó ra gìtá torí pé ó fẹ́ di olórin. Ojú ọkọ ṣe bákan nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gìtá yìí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ibi tó ti ń dùn wá nìyí. Bí ọkọ bá ń kọ ewì, gbogbo nǹkan á dákẹ́, ọ̀rọ̀ ewì á máa jáde lójú àwòrán bó ṣe ń kọ ọ́, orin á rọra wọlé. (Akéwì gidi kan, Ron Padgett, ló ni àwọn ewì náà.) Bí ìyàwó bá ṣe tiẹ̀, ẹ̀rín ni. Ó yan páì oníṣíìsì kan, ọkọ ń fi omi tì í lọ́fun, àwa òǹwòran ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò ṣàjèjì sí wa. Bí obìnrin bá ń hun aṣọ nílé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “ṣé o ti ń tà á?” Ọkọ tó ń wo bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ ńkọ́? Ó ń sinmi ni.

Bẹ́ẹ̀, ta ló parí iṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì? Kéèkì Laura tà lọ́jà ní Sátidé. Ewì ọkọ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ará ìta kankan. Laura bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ó ní ó di ìparí ọ̀sẹ̀. Àwa tí à ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà ti mọ bó ṣe máa rí: kò sí backup! Alẹ́ Sátidé yẹn gan-an, tí wọ́n jáde lọ wo sinimá torí kéèkì tó tà, Marvin ajá wọn fa ìwé náà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ohun kan tún wà tí Yorùbá ò ní gbójú fò. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Laura lá àlá pé àwọn bí ìbejì, láti ìgbà náà ni ọkọ ti ń rí ìbejì káàkiri ìlú. Tó bá jẹ́ Ìgbó-Ọrà ni, wọ́n á ti máa wá ẹni tí yóò se ẹ̀wà. Níbí, kò síyàá ọkọ tó pè, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ọmọ. Ó tù wá lára, jàre.

Ní Sọ́ńdè, Paterson lọ jókòó síbi ìṣàn omi ńlá ìlú náà, èyí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 77. Akéwì kan láti Osaka, tó wá wo ìlú yìí nítorí William Carlos Williams, bá a níbẹ̀, ó fún un ní ìwé tuntun tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ibẹ̀ dùn wò gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọkọ nìkan ni fíìmù bá rìn débẹ̀, bó ṣe bá a wọ bọ́ọ̀sì àti ilé ọtí. Ní Sátidé tí Laura kó kéèkì ẹ̀ lọ, kámẹ́rà ò tẹ̀ lé e. A ò rí ọjà náà, a ò rí oníbàárà kankan, a ò rí bó ṣe ka owó. Ìgbà tó dé ló ròyìn ẹ̀ fún ọkọ.