Ìdàrọ́, Pàǹtí àti Ẹrẹ̀ Ìléru: Àríwísí Lórí Èdè Tí A Fi Ń Sọ̀rọ̀ Nípa Àṣẹ́kù Irin

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ lórí irin nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá kò kéré. Babalọlá (1966) fi hàn wá bí àwọn ọdẹ ṣe ń fi ìjálá ki Ògún. Ìwé tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989 tẹ̀lé òrìṣà kan náà kọjá òkun. Síbẹ̀, idà, àdá, ìbọn àti ọkọ̀ ni ojú àwa lámèyítọ́ sábà máa ń wò. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí irin bá ti jáde nínú iná kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tí yóò yà á sọ́tọ̀ fún àgbéyẹ̀wò.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú pépà yìí ni èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa àṣẹ́kù náà. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà lẹ́nu wa, ìdàrọ́ àti pàǹtí, kò bá ẹrẹ̀ tí ń jáde ní iléeṣẹ́ irin òde òní mu. Ọ̀kan fi ewu rẹ̀ pa mọ́, èkejì fi iye rẹ̀ pa mọ́.

2.0 Ìdàrọ́

Ìdàrọ́ ni ohun tí ó máa ń ya kúrò lára irin nínú iná, tí ó sì máa ń dì bí òkúta dúdú nígbà tí ó bá tutù. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni. C. V. Bellamy ṣàpèjúwe ilé ìyọ́rin kan ní Ola-Igbi nítòsí Ọ̀yọ́ nínú àròkọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1904. Ní 1977, Institute of African Studies ní Ìbàdàn tẹ ìwé D. A. A. Adéníjì, Iṣẹ́ Irin Wíwà àti Sísun ní Ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí R. G. Armstrong tú sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àkọlé ìwé yìí dárúkọ iṣẹ́ méjì, wíwà àti sísun. Iṣẹ́ kẹta ni a fẹ́ kí lámèyítọ́ máa bèèrè: níbo ni àṣẹ́kù ń lọ?

Ohun méjì ni ó yẹ kí á kíyè sí nípa ìdàrọ́. Èkínní, kì í ṣe ohun asán. Ìléru alámọ̀ àtijọ́ kì í yọ gbogbo irin tán kúrò nínú òkúta. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa bá ìdàrọ́ lọ. Ní igbó Dean ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdàrọ́ tí àwọn ayọ́rin ti dà nù láti ayé ìjọba Róòmù ni a tún hú jáde ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí a sì kó padà sínú ìléru ńlá nítorí irin inú rẹ̀. Èkejì, ìdàrọ́ kì í bani lẹ́rù. Ó le, ó ṣeé gbé lọ́wọ́, atẹ́gùn kò lè fẹ́ ẹ lọ. Àwọn elégbòogi pàápàá a máa wá a dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ohun tí a mọ̀ mọ́ ilé ni.

3.0 Ẹrẹ̀ Ìléru

Àṣẹ́kù tí a ń sọ yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí a bá ń yọ́ irin ní iléeṣẹ́ òde òní, èéfín a máa gbé eruku wẹ́wẹ́ sókè. Bí a bá fi omi fọ èéfín náà kí ó tó dé ìta, eruku yóò di ẹrẹ̀. Bí a bá fi aṣọ sẹ́ ẹ, yóò wà ní gbígbẹ. Nínú ẹrẹ̀ tí ń wá láti inú ìléru tí a ń fẹ́ ọ́síjìn sí, irin sábà máa ń lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ bí ó bá gbẹ. Ìléru oníná mànàmáná tí ń yọ́ àlòkù irin máa ń mú eruku bíi kílò 10 sí 20 jáde lórí tọ́ọ̀nù irin kọ̀ọ̀kan.

Kí ni kò jẹ́ kí á kàn dá a padà sínú iná? Páànù ni yóò dáhùn. Síǹkì ni a fi ń bo páànù kí ó má baà tètè dípẹtà. Síǹkì ń hó ní 907°C, ṣùgbọ́n irin kì í yọ́ títí yóò fi súnmọ́ 1,500°C. Kí irin tó yọ́, síǹkì ti di oru, ó ti bá èéfín lọ, ó sì ti wọ inú eruku pẹ̀lú òjé àti cadmium tí ó bá wà nínú àlòkù náà. Bí a bá dá irú eruku bẹ́ẹ̀ padà sínú ìléru ńlá, síǹkì yóò tún gbéra, yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ìléru, yóò sì bà á jẹ́. Ọ̀nà àbáyọ wà: a lè pò ó mọ́ èédú, kí á gbé e sínú àgbá gígùn tí ń yí lórí iná gbígbóná, kí á gba síǹkì lọ́tọ̀ fún títà. Owó ni èyí ń ná ni. Láti 1980 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ka eruku ìléru oníná mànàmáná mọ́ àṣẹ́kù eléwu.

Ẹni tí ó bá pe èyí ní ìdàrọ́ ti sọ ohun tí à ń mí símú di ohun tí a ń gbá mú lọ́wọ́.

4.0 Pàǹtí

Abúlé Ẹ̀gbá ní Alímòṣọ́ lè là wá lóye nípa ọ̀rọ̀ kejì, nítorí pé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni irin ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò padà sínú iná. Àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri ń ra páànù tí ó ti dípẹtà, ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú, ilẹ̀kùn tí ó ti wó. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé a ti dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, owó ni wọ́n ń san lé e lórí. Irú àlòkù báyìí ni àwọn iléeṣẹ́ tí ó wà ní agbègbè bí Ìkòròdú àti Ògíjò ń yọ́, tí ó sì ń padà wá bí ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Irin padà, ẹrẹ̀ àti eruku kò bá a padà. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ìléru ni wọ́n kù sí.

Bí a bá pe èyí tí ó kù ní pàǹtí, a ti yan ibi tí yóò lọ fún un: ààtàn. Ààtàn ńlá kan ti wà rí ní Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti bá ààtàn gbé. Yorùbá ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Sùúrù àgbà ni a sábà fi òwe yìí yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí ń da ilẹ̀ nù ni òwe náà ti ń sọ̀rọ̀; kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí kànga rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ààtàn.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A lè gbọ́ àtakò pé iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, kì í ṣe ti ẹ̀ka wa. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì fún àwa olùkọ́ èdè ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ń gbé lẹ́bàá ìléru náà nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi pe ẹjọ́ rẹ̀ níwájú káńsù, kí a má baà dá a lóhùn pé pàǹtí lásán ni.

Àbá wa ni pé kí ìdàrọ́ dúró fún ohun tí ó dì bí òkúta. Kí á pe èyí tí omi gbà nínú èéfín ní ẹrẹ̀ ìléru, kí á sì pe gbígbẹ rẹ̀ ní eruku ìléru. Àléébù kan wà níbẹ̀: ẹrẹ̀ nìkan, ohun tí a ń ṣan kúrò lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn òjò ni. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gé ìléru kúrò lára rẹ̀, nítorí òun ni ó ń sọ ibi tí ohun náà ti wá, ẹni tí ó ni ín, àti ẹni tí ó yẹ kí ó kó o. Bí a bá ń ki Ògún fún irin tí ó jáde, ó tọ́ kí á bi alágbẹ̀dẹ léèrè ohun tí ó fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.