Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Í Di Odindi: Ọnà Èdè Nínú Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Ayẹyẹ Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Gúúsù Èkìtì

1. Ìfáárà

Àwọn onímọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí oríkì, ìjálá, ẹkún ìyàwó, ọfọ̀, òwe àti àlọ́. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń gbọ́ lọ́dọọdún, tí a kì í sábà kà kún ohun tí ó yẹ kí ènìyàn jókòó tì. Èyí ni ọ̀rọ̀ ìyànjú tí àgbà kan máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gboyè jáde. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni láti wo bí ọnà èdè inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń yí ọkàn àwọn tí ń gbọ́ ọ padà.

Gúúsù Èkìtì, èyíinì ni Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti àyíká wọn, ni a fi ṣe ibùdó. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní 1977 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1996 ni Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀, nígbà tí ó sì di 2020, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di yunifásítì, a sì fi orúkọ Bámidélé Olúmìlúà, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó rí, pè é. Láti ìgbà náà wá ni ìlú yìí ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yí lọ́kàn padà ní gbọ̀ngàn rẹ̀, òun náà ni yóò lọ máa fi ọ̀rọ̀ yí ọkàn ọmọ ọlọ́mọ padà nínú kíláàsì. Nítorí náà, bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ ìyànjú, irọ́ náà yóò bí ọmọ.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn gbólóhùn tí a fi ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti olùsọ̀rọ̀ kan pàtó. A hun wọ́n ní ìlànà ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ yóò dá mọ̀.

Àwọn àgbà wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ìwà ọmọlúàbí ni a sábà máa ń rí nínú òwe yìí. Èrò wa ni pé àlàyé nípa ìyíniléròpadà tún wà nínú rẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ tán. Ó máa ń fi àlàfo sílẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ ni yóò dí i. Ẹni tí ó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ ti yí ara rẹ̀ lọ́kàn padà.

2. Òwe tí a dá sí méjì

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò ṣàkíyèsí pé nígbà tí olùsọ̀rọ̀ bá dé ibi tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ti wọlé, a yà sí Yorùbá. Òwe ni ó sì máa ń kọ́kọ́ mú bọ ẹnu. Kì í pa á tán:

Olùsọ̀rọ̀: Bí ọmọdé bá ṣubú . . .
Gbogbo ènìyàn: A wo iwájú!
Olùsọ̀rọ̀: Bí àgbà bá ṣubú . . .
Gbogbo ènìyàn: A wo ẹ̀yìn!

Ohun mẹ́ta ni ìlàjì òwe yìí ṣe. Èkínní, olùsọ̀rọ̀ kò tíì ṣe àlàyé kankan, àwọn ènìyàn sì ti gbà fún un. Ẹnu tí ó parí òwe kò tún lè yí padà láti já òwe náà ní koro. Èkejì, àṣẹ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti olùsọ̀rọ̀. Ti àwọn tí ó ti kú tí wọ́n sì fi òwe sílẹ̀ ni. Olùsọ̀rọ̀ kàn yá a lò ni.

Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ìṣubú ni òwe yìí ń sọ. Ní ọjọ́ ayọ̀, níwájú àwọn òbí tí wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí, kò sí àgbà tí yóò dìde pé, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ óò ṣubú.” Èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n òwe ti bá a sọ ọ́, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni wọ́n sì fi ẹnu ara wọn parí rẹ̀. Nígbà tí olùsọ̀rọ̀ bá wá fi kún un pé, “Ẹ wo iwájú bí ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé láti bojú wẹ̀yìn bí àgbà,” ó ti kọ́ wọn bí a ṣe ń dìde láìjẹ́ pé ó fi ìṣubú rán wọn níṣẹ́. Èyí ni ohun tí òwe lè ṣe tí ọ̀rọ̀ gbangba kò lè ṣe.

3. Àfiwé àti àsọdùn

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn mìíràn: “Ẹ̀yin ni Olósùnta ọ̀la.” Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni èyí. Ẹni tí kò dé Ìkẹ́rẹ́ rí yóò ní kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ti mọ Olósùnta àti Òrólè, àpáta ńláńlá méjì tí wọ́n dúró ti ìlú. Ó ń rí wọn bí ó ti ń jáde nílé, ó sì mọ ọdún Olósùnta tí à ń ṣe lọ́dọọdún. Gbogbo ohun tí ó ti rí nípa àpáta náà láti kékeré ni yóò kó sínú àlàfo tí olùsọ̀rọ̀ fi sílẹ̀: gíga, àìmì, ọ̀wọ̀, ilé. Bí a bá gbé gbólóhùn kan náà lọ sí Èmùré, yóò dín kù, nítorí pé ojúmọ́ àwọn ará ibẹ̀ kì í mọ́ sórí Olósùnta. Nítorí náà, agbára àfiwé wà lọ́wọ́ ẹni tí ń gbọ́ ju bí ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ ọ́ lọ.

Ní ti àsọdùn, àwọn kan gbà pé irọ́ dídán ni. Ohun tí a óò fi dá wọn lóhùn wà ní agbègbè yìí kan náà. Ọlọ́nà igi ńlá nì, Olówẹ̀, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ṣùgbọ́n tí ó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé títí ó fi kú ní 1938, gbẹ́ àwọn òpó kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìkóhun-ọnà-sí ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí. Ọba jókòó lórí àga, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì tóbi ju ọba lọ fíìfíì. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Olówẹ̀ kò mọ ìwọ̀n ènìyàn. Kì í ṣe ìwọ̀n ara ni ó gbẹ́. Bí nǹkan ti wúwo tó ni ó gbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí olùsọ̀rọ̀ bá wí pé, “Àwọn ìyá yín fi orí ru òkè kí ẹ tó dé ibí.” Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé òkè wo ni. Ìyá tí ó fi owó ẹ̀pà, owó gaàrí tàbí owó igi ìdáná san owó ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tí ó wà lórí òun. Àsọdùn yìí ń gbé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ga. Òdodo ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: “Kò sí ilẹ̀kùn tí ìwé ẹ̀rí yìí kò níí ṣí.” Ọnà èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni ó ń gbé ga. Ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn mọ ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti pọ́n nínú àpótí. Kò níí jiyàn, nítorí ọjọ́ ayọ̀ ni. Ìdákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìgbàgbọ́.

4. Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ òkèèrè

Kí a má baà rò pé Yorùbá nìkan ni ó ń fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ yí ènìyàn lọ́kàn padà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìyànjú kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2005, Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Apple sílẹ̀, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Stanford sọ̀rọ̀. Kò pa òwe, kò wúre. Ìtàn mẹ́ta péré ni ó sọ. Síbẹ̀, ìṣubú ni ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé: bí ó ṣe fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ láìgboyè, bí a ṣe lé e kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, àti bí àwọn dókítà ṣe rí àrùn jẹjẹrẹ lára rẹ̀.

Nínú ìtàn kìíní ni ó ti ṣàlàyé pé a kò lè so àwọn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú ayé pọ̀ bí a bá ń wo iwájú. Ìgbà tí a bá wo ẹ̀yìn ni a tó lè so wọ́n pọ̀. Ohun tí àgbà inú òwe wa ń ṣe nígbà tí ó bá ṣubú gan-an nìyí. Ní ìparí, ó mú ọ̀rọ̀ ìdágbére kan láti ẹ̀yìn ìwé kan tí ó kà nígbà èwe, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwítúnwí ni: ohun tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kínní gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ìgbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti di tiwa.

A kò lè ṣe aláìyin ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó fi ìtìjú ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ní ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tí ó fi sílẹ̀ ní ewu. Ẹni kan ṣoṣo ni ìtàn rẹ̀ ń sọ, ẹni náà sì borí. Àwọn tí wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí wọn kò sì rí ọ̀nà gbà kò sí lórí pèpéle láti sọ tiwọn. Ẹni tí ń gbọ́ lè dí àlàfo náà pé, “Bí mo bá ṣáà ti nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ mi, yóò dára.” Olùsọ̀rọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ tán, inú olùgbọ́ ni ó ti di odindi.

5. “Ẹ óò borí”: àsọtẹ́lẹ̀ ni tàbí ìwúre?

Èyí mú wa padà wálé, sí ibi tí ọ̀rọ̀ ìyànjú máa ń parí sí ní gúúsù Èkìtì:

Olùsọ̀rọ̀: Ẹ óò borí!
Gbogbo ènìyàn: Àmín!
Olùsọ̀rọ̀: Ẹ kò níí kábàámọ̀!
Gbogbo ènìyàn: Àmín!

Bí a bá wo gírámà gbólóhùn wọ̀nyí, a óò rí i pé ojú méjì ni wọ́n ní. “Ẹ óò borí” lè jẹ́ ohun tí olùsọ̀rọ̀ mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀; ó sì lè jẹ́ ohun tí ó ń fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. Èdè Yorùbá kò fi dandan lé e pé kí a fi wúnrẹ̀n mìíràn pààlà sí àárín méjèèjì. Kí ni ó wá ń pààlà? Àmín ni. Kí a tó ṣe Àmín, gbólóhùn náà wà láàárín méjì. Bí a bá ti ṣe Àmín tán, ó ti di àdúrà. Olùgbọ́ ni ó sọ irú gbólóhùn tí a gbọ́.

Àǹfààní èyí pọ̀. Ìwúre kì í ṣe irọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ń fi òṣùwọ̀n òótọ́ àti irọ́ wọn àdúrà. Ó tún sọ gbogbo àwùjọ di olùsọ̀rọ̀: ẹni tí ó bá ṣe Àmín fún ọmọ ọlọ́mọ ti fi ọwọ́ sí i pé òun yóò ràn án lọ́wọ́. Ewu rẹ̀ kò kéré pẹ̀lú. Olùsọ̀rọ̀ tí kò ní ohun kan láti sọ lè sá pamọ́ sábẹ́ Àmín. Yóò ṣe ìlérí fún ogún ìṣẹ́jú, yóò sì kúrò lórí pèpéle láìjẹ gbèsè kankan, nítorí pé ẹnu wa ni ó fi sọ gbogbo rẹ̀ di àdúrà. Bí ọ̀dọ́ olùkọ́ náà bá jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta láìríṣẹ́, kò ní ẹni tí yóò bi léèrè. Àwa náà wà níbẹ̀. Àwa náà ṣe Àmín.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni pé òwe ìlàjì, àfiwé, àsọdùn, ìtàn, àwítúnwí àti ìwúre, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń fi àlàfo sílẹ̀ kí olùgbọ́ dí i. Nítorí náà, kò tó kí a yin olùsọ̀rọ̀ pé ẹnu rẹ̀ dùn. Ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè ni pé: kí ni ó fi sílẹ̀ fún wa láti fi parí ọ̀rọ̀ náà? Bí ó bá jẹ́ ohun tí a ti rí tí a sì mọ̀ ni, bí òkè tí ó wà lójúde wa, ẹrù tí ó wà lórí ìyá wa àti ìṣubú tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò di odindi nínú wa, yóò sì dúró. Bí ó bá jẹ́ ìrètí lásán ni, yóò di odindi ní gbọ̀ngàn, yóò sì tún di àbọ̀ kí a tó délé.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ni pé kí á máa gba irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí á sì máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tú wọn wò kí ọjọ́ ayẹyẹ tiwọn tó dé. A kò ní kí wọ́n má ṣe Àmín. Ohun tí à ń wí ni pé kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe é sí.