Ajá Tamayo

Àwọn tí ń yin Rufino Tamayo (1899–1991), ọmọ ìran Zapotec láti Oaxaca ní Mẹ́síkò, a máa wí pé iṣẹ́ àwọn baba ńlá ni ó ń dà kọ. Àwòrán àtẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 1983, «Dos personajes atacados por perros», èyíinì ni Ènìyàn Méjì tí Ajá Kọlù, já ọ̀rọ̀ náà nírọ́. Ajá amọ̀ tí àwọn ará Colima àtijọ́ ń sin pẹ̀lú òkú a máa sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ a sì tutù. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn Aztec, tí wọ́n dé lẹ́yìn náà, ajá ni ó ń mú òkú la odò ọ̀run kọjá. Tamayo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dunjú: ó kó ohun àtijọ́ jọ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní Oaxaca ní 1974. Síbẹ̀, ó sọ afinimọ̀nà òkú di abúnijẹ alààyè, gẹ́gẹ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nínú «Animales», àwòrán ọ̀dà rẹ̀ ti 1941. Adàkọ kì í ní irú àyà bẹ́ẹ̀.

Nínú bébà gan-an ni ogún náà fara hàn jù. Ọgbọ́n mixografía, tí òun àti Luis Remba atẹ̀wé jọ gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí 1973, a máa mú kí bébà nípọn, kí ó ní gegele àti kòtò (ẹni tí ó rí i nínú ìwé lásán kò tíì rí i), bí amọ̀ tí a fi ìka tẹ̀.